Kàyé Àlájà Wà Nínú Àpò Mi

Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìṣẹ́jú rẹ̀ dá mi lójú, nítorí mo ti pẹ́, mo sì ń wo aago fóònù mi bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí mò ń to àwáwí tí mo máa sọ fún ọ̀gá wa. Láti ìṣẹ́jú yẹn títí di òní tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ara mi kò balẹ̀.

Ẹgbẹ́ eléré kékeré kan ni mo wà nínú rẹ̀, àwa mẹ́fà péré, a máa ń gbé eré káàkiri àwọn ìlú àríwá ilẹ̀ Benin. Yàrá kan ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí wọn kò lò mọ́ ní àdúgbò Titirou ni a ti ń dánra wò. Àga àwọn ọmọ kéékèèké ni a ń jókòó sí, orúnkún wa á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa. Lára ògiri tó wà lẹ́yìn àga tí a fi ṣe ìtẹ́ ọba inú eré wa, ẹnìkan ti ya pẹ́pẹ́yẹ kan síbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà, kò sì sí ẹni tó rántí pa á rẹ́. Eré àtijọ́ ni eré náà, eré ìbànújẹ́ tí wọ́n fi ewì Faransé kọ, tó dá lórí ọba kan tí àwọn ọ̀tá ká mọ́ inú odi ìlú rẹ̀. Nínú irú eré àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í kú lójú òǹwòran. Ẹnìkan ló máa ń sáré wọlé wá ròyìn ikú náà. Èmi ni ẹni yẹn, òjíṣẹ́.

Ìlà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo ní, mo máa sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí eré bá ti fẹ́ parí. Kó tó di ìgbà náà, mo kàn máa ń dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ni, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ tí a fi igi gbẹ́. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti parí ní yunifásítì níbí ní Parakou, kò sì sí iṣẹ́. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà ní Ṣábẹ̀, kì í béèrè ju "Ṣé ó ti bọ́ sí i?" lọ lórí fóònù, àwa méjèèjì sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ. Àwọn ìlà wọ̀nyẹn nìkan ni ohun tí mo lè nawọ́ sí pé tèmi nìyí. Mo máa ń sọ wọ́n lójú ọ̀nà láti Banikanni, àdúgbò tí mò ń gbé, mo máa ń sọ wọ́n bí mo bá ń fọ aṣọ. Nítorí náà, ìbẹ̀rù pé ẹnìkan fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi kì í ṣe ìbẹ̀rù kékeré.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, Àlájà wà lábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà, wọ́n kẹ́yìn sí mi. Àlájà ló dàgbà jù nínú wa. Wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, níbi tí ìyá wọn náà ti tà á, wọ́n sì máa ń sọ ìtàn lórí rédíò ní èdè Dendi nígbà kan. Wọn kò lọ sí ilé ìwé Faransé. Fóònù ni wọ́n fi ń gba ohùn ẹni tó bá ka ipa wọn sílẹ̀, wọ́n á sì máa gbọ́ ọ títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Ipa olùtọ́jú ayaba ni tiwọn, kò ju ìlà mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ lábẹ́ igi yẹn kì í ṣe tiwọn. Ìlà mi ni, ní Faransé, láti ibi tí ẹnubodè ti wó. Kàyé kan, irú ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ ilé ìwé, wà lórí itan wọn. Bí wọ́n ṣe gbúròó mi ni wọ́n pa á dé.

"Ọ̀mọ̀wé, o ti dé? Ẹsẹ̀ rẹ ò dún rárá, bí ológbò."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Kí lẹ ń kà?"

"Kí lèmi mọ̀ ọ́n kà? Ṣé èmi ni mo gba lísáǹsì ní yunifásítì ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ti kàyé náà bọ báàgì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé ẹ̀rín mi pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀gá wa ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìfura mi ti gbilẹ̀. Ọ̀gá wa kì í sọ àyípadà kankan fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi rí i pé ó ṣeé ṣe. Ẹni tó ń ṣe ọba nínú eré wa, lọ́dún tó kọjá, ìgbà tí wọ́n gbé aṣọ ẹ̀ṣọ́ lé e lọ́wọ́ ló tó mọ̀ pé òun kì í ṣe ọba mọ́. Ọdún yìí ló padà sórí ìtẹ́. Ó ṣì máa ń fi ṣe àwàdà: "Wọ́n rọ̀ mí lóyè láìyìnbọn." Àwa yòókù máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa ti sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá ọ̀gá wa àti Àlájà lẹ́nu géètì, wọ́n ń sọ Dendi. Dendi tí mo gbọ́ kò ju èyí tí mo fi ń ra tòmátì lọ. Bí mo ṣe sún mọ́ wọn, wọ́n dákẹ́. Ọ̀gá wa ní, "Ẹ lọ, a máa rí i," Àlájà sì mi orí. Kí ni wọ́n máa rí? Mo gbé ìbéèrè yẹn délé, mo gbé e sùn, mo gbé e jí.

Ní Àbámẹ́ta, mo gbàgbé ọ̀rọ̀. Mo dé ìlà ọgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ sì pòórá lórí mi. Mo di ọ̀kọ̀ mú, mo ń wo pẹ́pẹ́yẹ ara ògiri. Àlájà ló rọra sọ ìlà tó kàn láti ẹ̀yìn mi, láìṣi ọ̀rọ̀ kan.

Ọba bú sẹ́rìn-ín. "Áà, Àlájà! Ẹ kúkú gba ọ̀kọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀!"

"Ọ̀kọ̀ kẹ̀? Orúnkún tó ń dùn mí yìí ni kí n fi sáré wọlé? Kí n tó débẹ̀, ìwọ ọba á ti lọ sílé lọ jẹun."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa nìkan ni kò rín. Wọ́n wo Àlájà, wọ́n wò mí, wọ́n sì kọ nǹkan sínú ìwé wọn.

Nígbà tí a sinmi díẹ̀, Àlájà tún ṣí kàyé náà, ẹni tó ń bá wa tan iná orí ìtàgé sì kọjá lẹ́yìn wọn pẹ̀lú wáyà lọ́rùn. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, oṣù mẹ́ta péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lò lọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Àlájà, lẹ́tà ìfẹ́ ta ni ẹ ń kọ lójoojúmọ́ yìí? Lọ́jọ́ kan màá jí i kà." Wọ́n na ìka sí i, wọ́n ní kó lọ fẹ́ ìyàwó ná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ síta láti lọ kírun àlàásárì, wọ́n fi báàgì sílẹ̀ lórí àga kékeré kan. Àwọn yòókù ti lọ ra omi. Èmi nìkan ni mo kù.

Mo ṣí kàyé náà. Lẹ́tà Lárúbáwá ló kún inú rẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, pẹ̀lú gègé dúdú. Mo ka iye ìlà rẹ̀ nítorí pé ọkàn mi ti ń sọ ohun tí mo máa bá fún mi. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni.

Ojú ń tì mí láti kọ ohun tí mo rò, ṣùgbọ́n tí n kò bá kọ ọ́, ẹ kò ní lè gbà mí nímọ̀ràn. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń rí lẹ́tà wọ̀nyẹn ni lára tírà. Mo rò pé wọ́n ń fi oògùn dì mí lọ́kàn ni, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ọ̀rọ̀ náà lè kúrò lórí mi lọ sórí wọn. Èmi tí mo jókòó sí yunifásítì lọ́dún mẹ́ta, mo ronú bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún náà tó. Mo gbé kàyé náà sínú àpò tí mo máa ń gbé kọ́ èjìká, mo sì jáde lọ ra omi bíi ti àwọn yòókù.

Ní ọjọ́ Ajé, Àlájà da báàgì wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ń tú u. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ń gbé nǹkan kọ̀ọ̀kan sókè, wọ́n ń gbé e sílẹ̀: tẹ̀sùbáà, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, oògùn orúnkún. Ìgbà náà ni ọ̀gá wa tó sọ̀rọ̀, ó sì hàn pé kò wù wọ́n láti sọ ọ́.

Ọ̀gá wa ní Kandi àti Malanville ni a fẹ́ lọ, púpọ̀ nínú àwọn tó máa wá wòran níbẹ̀ kò sì gbọ́ Faransé, Dendi ni wọ́n gbọ́. Ẹnu òjíṣẹ́ ni gbogbo eré náà ti yọrí. Tí wọn kò bá gbọ́ ohun tí òjíṣẹ́ wí, wọn kò wo eré kankan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí Àlájà yí ìlà mi sí Dendi. Èmi á sọ mẹ́rin ní Faransé, Àlájà á sì sọ mẹ́rin ní Dendi lẹ́yìn mi, bí òjìji mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́tà tí àfáà kọ́ wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí òun nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ.

Mo ní, "Faransé tí ẹ ń sọ lábẹ́ igi ńkọ́, Màmá?" Ohùn mi kéré débi pé mo ní láti tún un sọ.

"Àbí kí n máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ? Mo ní láti mọ ibi tí o máa dákẹ́ sí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ṣí àpò mi. Kàyé náà wà nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọba ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì fi ṣe àwàdà rárá: "Ta ló sọ pé òun máa jí i?" Gbogbo ojú yí sí ẹni tó ń tan iná.

"Èmi?" ló wí. "Kí ni mo fẹ́ fi kàyé ṣe? Ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe!"

Ọba ní, "Ìwọ lo padà wọlé wá tú wáyà lọ́jọ́ náà."

Lóòótọ́ ló padà wọlé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó fi wọlé, kàyé náà ti wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀gá wa kò bá a jà. Wọ́n kàn ní kó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sílẹ̀, pé àwọn máa wá ẹlòmíràn tó máa tan iná ní Kandi. Ọkùnrin náà gbé kọ́kọ́rọ́ sórí àga kékeré, ó sì ń wo ojú wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó lọ. Nígbà tó kàn mí, mo wo pẹ́pẹ́yẹ.

Láti ìgbà náà, Àlájà ń tún un kọ, èmi ni wọ́n sì ní kí n jókòó tì wọ́n. Màá ka ìlà kan, wọ́n á dijú, wọ́n á wá Dendi tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á rí i. Nígbà mìíràn wọ́n á ní, "Èyí tó wà níbẹ̀ dùn ju èyí lọ," wọ́n á sì kọ èyí tí kò dùn náà. Títí di àná, ìlà mọ́kànlélógún la ti kọ. Ọkọ̀ wa máa gbéra lọ́la lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Lánàá, wọ́n gbójú sókè lójijì. "Ọ̀mọ̀wé, ohun kan ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbé e, kò lè kà á." Wọ́n ń wo àpò mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, tàbí kó jẹ́ pé orí igi àga ni wọ́n ń wò. Mi ò mọ̀. Mi ò mọ ohun tí ojú ẹnikẹ́ni ń wò mọ́. Kí n sì sọ òtítọ́ tó kù: apá kan nínú mi ṣì ń fura. Mò ń rò ó pé tí Kandi bá dùn, ọ̀gá wa lè rí i pé Àlájà nìkan tó, kí wọ́n gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ mi láìsọ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin àgbà pàápàá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gbé kàyé náà fún Àlájà lábẹ́ igi, àwa méjì péré, kí wọ́n lè rí ìlà mẹ́tàlélógójì tó kù? Ẹni tó ń tan iná kò ní sí níbẹ̀ láti gbọ́, ẹ̀sùn náà á sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àbí kí n lọ bá a nílé rẹ̀ ní Banikanni ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí n mú un dání, kí n sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn? Tí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ rò pé wọ́n ṣì lè jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ náà? Tí wọn kò bá jẹ́ kí n wọ̀ ọ́, kí ni kí n sọ fún bàbá mi tí wọ́n bá pè?