Ẹni Tó Yọ Orí Bátìrì

Ọkọ̀ bàbá mi kò kú fúnra rẹ̀. Wọ́n pa á ni, lọ́sàn-án gangan, níwájú gbogbo wa, ní ṣọ́ọ̀bù riwáyà kan, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀gùn. Mo wà níbẹ̀. Mo ní kí riwáyà náà má ṣe é. Ó ṣe é.

Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ni. Láti kékeré mi ni Bàbá ti ń fi kó iṣu láti Ṣakí wá sí Ìkòtún, iṣu yẹn náà ló sì rán mi lọ sí yunifásítì. Nígbà tó yá, iná iwájú ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú ọ̀nà bí iná fìtílà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní tan, àfi kí èèyàn tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Bàbá ti dàgbà, ọkọ̀ náà ti dàgbà, kí wọ́n tà á. Bàbá ní bí riwáyà òun bá sọ pé ọkọ̀ ti parí, òun á gbà. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, òun ń lọ sí Ṣakí. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe wá dúró sẹ́nu ọkùnrin kan nìyẹn.

Ọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ ta bátìrì tuntun fún Bàbá láìyẹ nǹkan kan wò. Bátìrì tuntun náà kú. Ó tún wá ní ọtanétọ̀ ló bàjẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè máa fún bátìrì níná. Báwo ló ṣe mọ̀? Ó fọwọ́ kàn án, ó ní ó gbóná. Kí ni kì í gbóná lára ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́?

Físíìsì ni mo kà. Mo mú mítà dání lọ bá a. A tan ọkọ̀. Mo wọn ẹ̀yìn ọtanétọ̀: iná rẹ̀ jẹ́ fóòtì mẹ́rìnlá, bó ṣe yẹ. Mo wọn orí bátìrì: méjìlá péré, ó sì ń lọ sílẹ̀. Bí omi bá kún táńkì tí ẹnu ẹ̀rọ sì gbẹ, ṣé táńkì lèèyàn ń pààrọ̀ ni àbí páìpù? Mo tọ wáyà náà lọ. Lábẹ́ ibi tí bátìrì jókòó sí, ẹnì kan ti já a, ó tún lọ́ ọ pọ̀, ó fi ọ̀rá wé e. Bàbà inú rẹ̀ ti dípẹtà.

"Ọ̀gá, ta ló so eléyìí?"

"Iṣẹ́ wa ni. Ó ti ń bá a bọ̀ tipẹ́, àbí kò bá a bọ̀?"

"Òun ni kí ẹ pààrọ̀. Kò sóhun tó ṣe ọtanétọ̀ yìí."

"Sístà mi, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ilé lẹ gbé wá. Ọkọ̀ kì í ṣe fíríìjì o."

Àwọn mẹkáníìkì tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín tiẹ̀ ló dùn mí jù.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó bí àwa ṣe ń wò ó," ni riwáyà wí, ó sì mú sípánà.

Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í ti í ṣe é láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún. Wọ́n á fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, wọ́n á yọ orí bátìrì, ìyẹn wáyà tí wọ́n dè mọ́ orí rẹ̀. Bí iná ọkọ̀ kò bá kú, wọ́n á ní ara ọtanétọ̀ le. Wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé bátìrì yẹn ló ń gba agbára iná náà mọ́ra. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lójijì, iná á ru sókè, á sì jó ohun kékeré tó ń díwọ̀n iná nínú ọtanétọ̀.

"Ẹ má yọ ọ́. Ẹ máa jó o ni."

"Bàbá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ọmọ yín? Ó ní mo fẹ́ jó ọkọ̀ yín."

Bàbá ní, "Ìyá mi, fi í sílẹ̀ jàre, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀."

Ó yọ ọ́. Iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù funfun báláú, ó sì kú. Òórùn wáyà jíjó gba ibẹ̀ kan. Nígbà tó dá orí bátìrì padà, mo tún wọn ẹ̀yìn ọtanétọ̀. Méjìlá.

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Mo ti sọ fún yín pé ó ti kú."

Ẹni tó pa á ló ń túfọ̀ rẹ̀. Mo ṣàlàyé títí ohùn mi fi há. Bàbá ní ó tó. Ó ní ojú òun náà ni ọtanétọ̀ ṣe kú.

N kò gbà. Mo ra ọtanétọ̀ tòkunbọ̀ àti wáyà tuntun tó nípọn, mo gbé ọkọ̀ náà lọ bá riwáyà mìíràn ní Ìdímù, mo sì dúró tì í títí ó fi so ó tán. Orí bátìrì di mẹ́rìnlá. Mo pe Bàbá wá wò ó. Ó gòkè, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó tan iná iwájú, ó pa á.

"Ó ti dáa. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹ bá mi wá ẹni tó máa rà á kó tó tún dójú tì mí."

"Bàbá, ọkọ̀ kọ́ ló dójú tì yín."

"Mo mọ̀ pé ìwé rẹ jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́nà Ìsẹ́yìn, ìwé kọ́ ni màá máa tì."

Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù kó tó mú oníbàárà wá.

Mo máa ń rí ọkọ̀ náà ní Ìkòtún, tí wọ́n ń já iṣu lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi ẹni tó ń wà á báyìí bóyá ó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní rárá, kò tíì kú mọ́ òun lọ́wọ́ rí. Bàbá wà nílé ní Ìgàndó, ó ń bi àwọn aládùúgbò ní iye tí wọ́n ń ta iṣu. N kò tíì lè sọ ohun tí awakọ̀ yẹn wí fún un.