Mo Ti Yó

Ojú ni màmá mi fi tọ́ wa. Bí a bá tẹ̀ lé wọn lọ sílé ẹnikẹ́ni ní Ìkirè, tí onílé sì gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn wò wá lẹ́ẹ̀kan péré, àwa náà á sì sọ pé, "Ẹ ṣé, mà. Mo ti yó." Ebi ì báà fẹ́ pa wá, a ti yó náà nìyẹn.

Kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá kọ́kọ́ jinná lágboolé la máa ń lọ bá jẹ. Ọdún tí wọ́n kú ni màmá mi lọ pọnmi, tí wọ́n gbọ́ tí aládùúgbò wa kan ń sọ nídìí kànga pé àwọn ọmọ opó yìí ti fẹ́ jẹ òun tán. Obìnrin náà ò mọ̀ pé màmá mi wà lẹ́yìn òun. Korobá òfìfo ni wọ́n gbé wálé. Wọn ò lù wá, wọn ò sì bú wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú bá wa sọ̀rọ̀.

Mo dàgbà, mo di tíṣà ní Gbọ̀ngán, mo fẹ́ ọkọ ní Àpòmù, mi ò sì lè jẹun nílé onílé. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Ìyá Mo-ti-yó. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí n má parọ́, mo ń fi yangàn.

Gbogbo ìgbà tí a bá lọ kí ìyá ọkọ mi ní Àpòmù ni wọ́n ń dáná, gbogbo ìgbà náà ni mo sì ń sọ pé mo ti yó. Ọkọ mi á jẹ tirẹ̀, á jẹ tèmi mọ́ ọn. Mo rò pé wọ́n ti mọ ìwà mi.

Ọdún Àjíǹde tó kọjá, iṣẹ́ ò jẹ́ kí ọkọ mi lè lọ. Èmi àti ọmọ wa obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, la jọ wọkọ̀. A ò tíì kọjá Wásinmi tí ọmọ náà ti ń sunkún ebi. Mo ní kó ṣe sùúrù, màmá àgbà ti ń retí wa.

Òótọ́ ni, wọ́n ti ń retí. Tòun ti orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n ti wà ní kíṣìnnì láti àárọ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì àti dòdò wá fún ọmọ mi. Wọn ò dín in dúdú kó láta bí a ṣe ń ṣe é ní Ìkirè. Wọ́n ní ata á ta á lẹ́nu. Ọmọ náà wo àwo, ó gbójú sókè, ó wo ojú mi. Mi ò mọ ohun tí ojú mi ṣe. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Mo ti yó."

Ìyá ọkọ mi jókòó, wọ́n mú ṣíbí ọmọ náà, wọ́n bu ìrẹsì, wọ́n bu dòdò mọ́ ọn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gbé e mì.

"Ìyàwó mi, wò ó, mo ti jẹ níbẹ̀. Mi ò fi nǹkan kan sí i."

Ojú tì mí. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pe tèmi ní ẹ̀kọ́ ilé, májèlé ni ìyá yìí rò pé mò ń sá fún, síbẹ̀ wọn ò yéé dáná dè mí. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n, mo ń sọ ọ̀rọ̀ kànga, mo ń sọ ọ̀rọ̀ korobá, kò so mọ́ra wọn lẹ́nu mi. Wọ́n kàn ní kí n jẹ́ kí ọmọ jẹun.

Mo bu oúnjẹ sẹ́nu. Mo ní kí ọmọ mi náà jẹ. Kò fọwọ́ kan ṣíbí, ojú mi ló ń wò. Mo tún sọ ọ́, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ó ṣì ń wò mí. Ìgbà tí mo kọjú sí ògiri ni mo tó gbọ́ tí ṣíbí kan àwo.