Gbèsè Tí Bùrẹ́ímọ̀ Rà ní Ogójì Náírà

Bí ẹ bá dé Ìbafò títí dòní, tí ẹ béèrè Bùrẹ́ímọ̀ káfíńtà, wọn kò ní kọ́kọ́ sọ fún yín pé ó ti kú. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní, "Ẹni tó ná gbèsè onígbèsè!"

Lọ́dún 1987, Bùrẹ́ímọ̀ àti Sẹ̀kínátù, ìyàwó rẹ̀, kó láti Ìwó wá sí yàrá méjì kan létí títì márosẹ̀ ní Ìbafò. Télọ̀ kan tó ń jẹ́ Táíyé Ògúnkànmí ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti kó lọ sí Ìfọ̀. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ ju ìṣó mẹ́ta lára ògiri àti orúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn ni lẹ́tà wá ń wá.

Bàbá onílé ló mú àkọ́kọ́ wọlé. Sẹ̀kínátù, tó mọ̀wé nínú àwọn méjèèjì, ló kà á. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ láwìn ló kọ ọ́. Wọ́n ní owó ẹ̀rọ Táíyé ṣì ku ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé ogún. Bí kò bá san án, àwọn ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ àwọn.

Bó ṣe kà á débẹ̀, ojú rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà níbẹ̀. Tirẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ló rà á fún un kó tó kú, òun náà ló sì ń bọ́ ilé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá Nàfísàt," ló wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹ jẹ́ ká tètè kọ̀wé sí wọn pé Táíyé ti kó lọ. Wọ́n lè wá gbé tèmi o."

"Èló ni wọ́n pè é?"

"Ọ̀ọ́dúnrún lé ogún."

Bùrẹ́ímọ̀ ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. "Ó ti wọ́n jù. Kọ ọ́ sí wọn pé ogún náírà."

"Gbèsè wa kọ́!"

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń ná an nìyẹn. Ìwọ rí ẹni tó ń ná nǹkan tó ti jẹ́ tirẹ̀ rí?"

Sẹ̀kínátù kọ ogún náírà. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀, tínńtín bí ẹsẹ̀ èèrà, pé Táíyé ti wà ní Ìfọ̀, àti pé ẹ̀rọ tó wà nílé, tòun ni. Ó jọ pé ẹni tó gba lẹ́tà náà ní Èkó kò kà á kọjá iye owó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé: wọ́n ti dín ogún náírà kúrò.

Bùrẹ́ímọ̀ fò sókè. "Wọ́n ti ń dín in! Ọlọ́jà tó bá dín ogún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọjà òun kò tó bẹ́ẹ̀!"

Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí gọ̀. Ó kàn jẹ́ pé etí rẹ̀ kò lè gbọ́ iye kí ẹnu rẹ̀ dákẹ́ ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òun àti kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ kan níjọ́sí. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni láti Ìbafò dé Mowe. Bùrẹ́ímọ̀ ní ọgbọ̀n. Kọ̀ńdọ́ ní ìjókòó kan, iye kan. Bùrẹ́ímọ̀ ní, "Tèmi kì í ṣe odindi." Ó fi apá ìdí kan ṣoṣo jókòó títí wọ́n fi dé Mowe, èkejì wà lófuurufú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó san ọgbọ̀n kọ́bọ̀, ó sì tiro wọ ọjà lọ.

Ìgbà kan tún wà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ mẹ́fà ni. Orí Bùrẹ́ímọ̀ ń gbóná bí ìkòkò, síbẹ̀ ó la ojú. "Méjì ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì ní oògùn kì í ṣe ata. Wọ́n fà á, wọ́n fà á, wọ́n parí rẹ̀ sí mẹ́rin. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ibà padà dé. Bùrẹ́ímọ̀ padà lọ bá nọ́ọ̀sì, ó ní kó fi méjì tó kù ṣe ènì fún òun.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ lẹ́tà gbèsè sí.

Lẹ́tà mẹ́rin lọ, mẹ́rin bọ̀. Èkó ti wà ní àádọ́ta lé nígba, Ìbafò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé márùndínlọ́gbọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, píkọ́ọ̀pù kan yà kúrò lórí títì. Ọkùnrin kan tó wọ táì sọ̀ kalẹ̀, géńdé méjì tẹ̀lé e. Akínọlá ni wọ́n ń pè é, òun ni ilé iṣẹ́ náà ń rán lọ gba gbèsè. Oòrùn ti mú táì ọrùn rẹ̀ rọ bí ewé ilá.

"Ẹ̀rọ wa la wá gbé," ló wí.

Sẹ̀kínátù kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rọ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tèmi ni. Táíyé ti kó lọ. A ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀."

Akínọlá fa lẹ́tà mẹ́rin yọ nínú fáìlì. "Ìyá, ẹni tí kò jẹ gbèsè kì í ná gbèsè."

Sẹ̀kínátù yíjú wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ń gbé àpótí bọ̀ fún àlejò. "Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ẹ má dá a lóhùn. Kò mọ ọjà ná."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Akínọlá ní igba. Bùrẹ́ímọ̀ ní ọgbọ̀n. Akínọlá ní gbèsè kì í ṣe iṣu. Bùrẹ́ímọ̀ ní kí ó tún un wò dáadáa: "Àlòkù ni! Ẹlòmíràn ti jẹ ẹ́ kó tó kàn mí. Ṣé iye kan náà lẹ ń ta tuntun àti àlòkù ni?"

Akínọlá kọ̀. Ni Bùrẹ́ímọ̀ bá ṣe ohun tí ẹni tó mọ ọjà ná máa ń ṣe: ó dìde, ó ń lọ, kí ọlọ́jà lè pè é padà. Ó gbàgbé pé ilé ara rẹ̀ ló ń jáde. Ó rìn dé etí títì, ó dúró, ó kẹ̀yìn sílé, ó tẹ́tí.

Akínọlá wo Sẹ̀kínátù. "Níbo ni wọ́n ń lọ?"

"Wọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n ń dúró kí ẹ pè wọ́n ni."

Akínọlá dúró títí. Nígbà tó pẹ́, ó kígbe, "Bàbá! Ẹ padà wá! Ọgọ́rùn-ún!"

"Mo mọ̀ pé ẹ ó pè mí," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí, ó sì padà wọlé bí ọba.

Níbi tí wọ́n ti ń fà á, ọ̀kan nínú àwọn géńdé dojú ẹ̀rọ dé, ó ka nọ́ńbà ìdí rẹ̀, ó wo fáìlì. "Ọ̀gá, nọ́ńbà rẹ̀ kò bá tiwa mu." Akínọlá wò ó, ó tún un wò. Ó pa fáìlì dé. "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ yín ni lóòótọ́. Ìfọ̀ la ó wá a lọ."

Sẹ̀kínátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Alhamdulilahi." Ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ ti bọ́. Àwọn ọkùnrin náà wọ ọkọ̀, wọ́n ṣíná.

Ṣùgbọ́n lójú Bùrẹ́ímọ̀, kì í ṣe agbowó ló ń lọ. Ọlọ́jà tó ń di ẹrù rẹ̀ nítorí iye kékeré ni.

"Ẹ dúró! Ẹ padà wá! Márùndínlógójì!"

"Bàbá Nàfísàt! Wọ́n ti ń lọ! Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ!"

"Ogójì! Mi ò ní fi kọ́bọ̀ lé e!"

Akínọlá yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. Ó rántí bí Ìfọ̀ ṣe jìnnà tó. Ó rántí ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó àti ọwọ́ òfìfo.

"Ó gbà," ló wí. "Ẹ mówó wá."

Ẹni tó bá ti ná ọjà rí mọ̀ ọ́n: bí o bá fẹnu ara rẹ dá iye, tí ọlọ́jà ní kí o mówó wá, èèwọ̀ ni kí o ní eré lò ń ṣe. Bùrẹ́ímọ̀ wọlé lọ mú owó pákó tó fẹ́ ná ní Mowe lọ́jọ́ kejì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Akínọlá já rìsíìtì fún un, orúkọ Bùrẹ́ímọ̀ gan-an ló kọ sí i, pé ó ti ra gbèsè Táíyé. Ó fẹ́ máa lọ. Bùrẹ́ímọ̀ di apá rẹ̀ mú.

"Ènì mi ńkọ́?"

Akínọlá tú ọkọ̀ wò, ó rí kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ wọn kan, àwòrán ẹ̀rọ ìránṣọ gàdàgbà lójú rẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta ààbọ̀ péré ló kù nínú èyí," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí. "Ẹ fi táì yẹn kún un."

Akínọlá bọ́ táì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Sẹ̀kínátù kò fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó béèrè, "Gbèsè tí ẹ rà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"N ó tà á. Ọgọ́ta náírà."

"Ta ló fẹ́ ra gbèsè?"

"Táíyé ńkọ́? Ta ló tún bá mu jù ú lọ?"

Ó ki rìsíìtì sápò, ó wọkọ̀ lọ sí Ìfọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé, Sẹ̀kínátù sì bi í: "Ẹ tà á?" Ó ní òun tà á. "Èló?" Bùrẹ́ímọ̀ ṣí fìlà, ó yẹjú.

"Àwìn ni."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọdún 1989 ni. Dókítà pe Sẹ̀kínátù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ọkọ rẹ̀ lè lo oṣù kan sí i. Láti orí ibùsùn ni Bùrẹ́ímọ̀ ti dáhùn: "Mẹ́ta." Dókítà ní kò sí lọ́wọ́ òun. "Mo mọ̀," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí, "ẹ ṣáà bá mi pè é." Oṣù méjì ló lò. Àárín ni wọ́n ti pàdé.

Ní ọjọ́ kẹjọ tó kú, lẹ́yìn àdúrà, nígbà tí èrò ti túká, ọkùnrin kan gbé àpò wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní Táíyé Ògúnkànmí ni òun.

Ó ka owó sílẹ̀: ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé ogún.

"Ogójì ni Bàbá Nàfísàt san," ni Sẹ̀kínátù wí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á. Lọ́jọ́ tí Bàbá wá bá mi ní Ìfọ̀, mo ti ta ẹ̀rọ nítorí àìsàn ọmọ. Ọwọ́ ni mo fi ń ránṣọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa san náírà méjì-méjì. Wọ́n wo ọmọ náà lórí ẹní. Wọ́n ní ìgbà tó bá bọ́ sí i ni kí n san án."

"Wọn ò ná an?"

"Wọn ò ná an."

Ọdún mọ́kànlélógún ni Sẹ̀kínátù fi bá a gbé. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Ogójì," ló wí.

"Ẹ jẹ́ ó jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún."

"Ogójì."

"Igba, Ìyá. Nítorí Ọlọ́run."

Sẹ̀kínátù dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó jáde. Ó rìn dé etí títì, ó dúró, ó kẹ̀yìn sílé, ó tẹ́tí. Ọkọ̀ ń sáré kọjá lọ sí Ìbàdàn. Ó mọ ohùn tó ń retí, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ohùn náà ni yóò pè é.

"Ìyá!" ni Táíyé kígbe. "Ẹ padà wá! Ogójì náà ni!"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo àdúgbò, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó padà wọlé, ó ka ogójì náírà, ó ti ìyókù sí Táíyé. Ó wá na ọwọ́.

"Ènì wọn ńkọ́?"

Táíyé ki ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò. Fìlà tuntun kan ló mú jáde. Ó ní ojú lòun fi wọn orí Bàbá lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́ tóun ti rán an. Owó lòun ń dúró dè.

Kàlẹ́ńdà 1987 wà lórí ìṣó kan lára ògiri, táì wà lórí èkejì. Sẹ̀kínátù fi fìlà náà kọ́ sórí ẹ̀kẹta.