Òwú Pupa Lẹ́nu Wáyà

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méje. Mo rántí rẹ̀ nítorí pé aago ara ògiri wà lókè orí àwọn olùdánwò, òun ni mo sì ń wò dípò ojú wọn. Àwọn méjì ni, ìlú mìíràn ni wọ́n ti wá. Olùkọ́ wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá tò sẹ́yìn tábìlì, kálukú pẹ̀lú ohun tó ṣe. Ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kúlà oúnjẹ lé itan. Mo ti sọ fún un pé kó má wá. Ó ní bí ebi bá ń pa mí, n kì í lè ronú. Òótọ́ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Ìránṣẹ́ ni mí ní ọ́fíìsì kan ní Ìfọ́n. Mo ń gbé fáìlì láti tábìlì dé tábìlì, mo ń ṣí fèrèsé láàárọ̀, mo ń tì í nírọ̀lẹ́. Òkèlúsè ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ oko ló gba ìgbà èwe mi, mo ti ń fá irùngbọ̀n kí n tó jókòó ní kíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ́fíìsì ní ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ iná lè bọ́ sí ẹ̀ka àtúnṣe, mo wọ ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ ní Ọ̀wọ̀, níbi tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Mo ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan, mo kùnà. Ọ́fíìsì ní ẹ̀ẹ̀kejì ni òpin, òun sì ni ti ọjọ́ yìí. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ. Dádì ni wọ́n ń pè mí. Wọn a ní, "Dádì, ẹ lo awò ojú yín o, tíránsítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ mú dání yẹn, kì í ṣe kòkòrò." Èmi náà a rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó dùn mí.

Àtùpà kékeré ni mo yàn láti ṣe, èyí tó ń fi òkúta tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo tanná, òkúta tí tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ti kọ̀. Nílé wa ní Òkèlúsè, a máa ń sá irú wọn sóòrùn, bóyá wọ́n á tún jí. Nínú kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a ká yí òrùka, ni gbogbo iṣẹ́ àtùpà náà wà. A ó yọ òrùka dúdú kékeré kan nínú bọ́ọ̀bù tó ti bàjẹ́. A ó tú wáyà kópà tín-ín-rín nínú fáànù tó ti jóná. A ó mú wáyà méjì pọ̀, a ó máa kì wọ́n bọ inú òrùka, a ó máa fà wọ́n yọ, títí wọn yóò fi yí i ká nígbà ogún, láìjẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì. Lẹ́yìn náà a ó so ìbẹ̀rẹ̀ wáyà kan mọ́ ìparí èkejì. Ẹni tó bá so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, iná rẹ̀ kò ní tàn. Àwọ̀ kan náà sì ni wáyà méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti kùnà ní ìdánwò àkọ́kọ́.

Ìyá ìyàwó mi ń hun aṣọ, nídìí òwú ni ìyàwó mi náà sì dàgbà sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí ìdánwò kejì tó dé, ó jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ká a, tí mo ń tú u.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ̀ ń bá wáyà jà ni?"

"Iṣẹ́ iná ni. Kì í ṣe òwú."

"Mo rí i. Òwú kì í fìyà jẹni tó báyìí."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi ọmọńdinrín ọwọ́ òsì de wáyà náà mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kì í bọ inú òrùka, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyípo ogún náà tò bí eyín òòyà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ti já òwú pupa, ó so ó mọ́ ẹnu wáyà kan. Ó ní bí ìyá òun ṣe ń mọ ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo so wáyà pọ̀, iná tàn. Ìyàwó mi ń wo iná náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Òfin ìdánwò ni pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ kan iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní n ó ká tèmi kí ọjọ́ tó pé. Mo ká a lóòótọ́, kò dára tó tirẹ̀. Tirẹ̀ ni mo gbé lọ.

Àgbà nínú àwọn olùdánwò gbé àtùpà náà sókè. "Ta ló ká kọ́ìlì yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Òwú pupa yìí ńkọ́?"

"Mo fi ń mọ ìbẹ̀rẹ̀ wáyà ni, sà."

Ó fi han ẹnì kejì rẹ̀. "Ẹ wo làákàyè àgbà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń so ó lódì lójoojúmọ́, ta ló ronú èyí nínú wọn?" Ó wá mú òrùka mìíràn àti wáyà fún mi. "Ẹ ká márùn-ún péré, ká rí ọwọ́ yín."

Nígbà tí mo dé ìkẹta, wáyà gun ara wọn. Mo tú u, ó tún gùn. Ìyàwó mi bá sọ láti orí bẹ́ǹṣì, ní èdè Ọ̀wọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé àwa méjì la wà nílé: "Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì yín. Ẹ fi dè é."

Gbogbo wọn wẹ̀yìn. Olùdánwò bi mí pé, "Ta ni màmá yẹn?"

Bí mo bá sọ pé ìyàwó mi ni, yóò bi mí bó ṣe mọ iṣẹ́ náà.

Mo ní, "Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá fún wa ni, sà."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mo kàn sọ ọ́ ni." Ó gbé kúlà náà kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó jáde. Èmi sì fi ọmọńdinrín de wáyà mọ́lẹ̀ bó ṣe wí. Márààrún tò gbọọrọ.

Nígbà tí mo délé, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ṣé wọ́n ní oúnjẹ obìnrin yẹn dùn?"

Mo fọ ọwọ́, mo bu òkèlè.

"Bí ẹ bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹ ò mọ̀ mí níbẹ̀, ǹ bá ti pa ẹnu mi mọ́."

Kò jà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kò fọwọ́ kan wáyà mọ́. Bí mo bá gbé òrùka sítòsí rẹ̀, á rọra sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni sún àwo àlejò. Ọdún mẹ́rin la tún jọ lò kí àìsàn tó mú un lọ, àlàáfíà sì wà nílé. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé n ó bẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ẹ̀ka àtúnṣe ni mo wà títí dòní. Wọ́n ń yin ọwọ́ mi, wọ́n sì ń béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo ń dá wọn lóhùn báyìí pé ìyàwó mi ni. Ó rọrùn láti sọ. Àwọn tí mò ń sọ ọ́ fún kò mọ̀ ọ́n rí.

Mi ò tíì sọ ti àárọ̀ ọjọ́ kejì ìdánwò náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti jáde. Mò ń fi ohun tí n ó sọ kọ́ ẹnu mi lójú ọ̀nà: ìyàwó mi ni, sà, òun ló ká a. Mo bá olùkọ́ wa níbi tó ti ń ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti di ọwọ́ mi mú.

"Dádì, ẹ ti yege. Ọ̀rọ̀ kọ́ìlì yín ni wọ́n ń sọ títí wọ́n fi wọkọ̀. Kí lẹ wá ṣe láàárọ̀ kùtù báyìí?"

Mo ní, "Mo wá kí yín ni, sà."

"Ẹ ṣeun o. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín."

Mo ní yóò gbọ́. Mo rìn lọ sí gáréèjì, mo wọ ọkọ̀ Ìfọ́n, mo lọ ṣí fèrèsé ọ́fíìsì.