Fèrè Tí Mo Gé Létí Odò Elbe

Láàárọ̀ òní, àwọn òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko dé ẹ̀yìn ilé wa ní Lichtenberg, ní Berlin. Kí n tó ṣí fèrèsé tán, òórùn koríko tútù ti gun òkè dé àjà keje tí à ń gbé, ó bá mi nídìí tíì. Ẹlòmíràn á ní òórùn náà dùn. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ńṣe ni mo máa ń wo ọwọ́ mi, àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́, bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń wọ ìbọ̀wọ́ kí n tó fọwọ́ kan òdòdó, ẹ súnmọ́ mi, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ó ti tó ọdún mélòó kan, kí àrùn tó lé gbogbo ayé wọlé tó dé. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ wá sí Berlin láti bá Fúnmi ọmọ mi tọ́jú ọmọ rẹ̀, Tèmi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ni Fúnmi, òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń gbélé, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í mọ wákàtí. Tèmi gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Jámánì ló fi ń dáhùn. Bí mo bá ní, "Tèmi, wá jẹun," á ní, "Gleich, Oma," ìyẹn ni pé òun ń bọ̀; Oma ni wọ́n ń pe ìyá àgbà ní Jámánì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ara wa gbé, kálukú ń sọ tirẹ̀, a sì ń yé ara wa.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, Fúnmi wà níbi iṣẹ́, èmi àti Tèmi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg láti kí àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Altona. Lẹ́yìn tá a jẹun tán, àbúrò mi sùn lọ sórí àga gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, èmi àti ọmọ sì rìn lọ sétí odò Elbe. Oòrùn mú ganrínganrín. Níbi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti yà wọ inú igbó díẹ̀, mo rí ewéko kan tó ga jù mí lọ, tí òdòdó funfun rẹ̀ tẹ́ bí agbòòrùn, tí ọ̀pá rẹ̀ sì nípọn bí apá ọmọdé. Mo fọwọ́ kàn án. Oníhò ni! Inú mi dùn bí ìgbà téèyàn pàdé ará ìlú rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tá a wà lọ́mọdé ní Ìkirè, ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ la fi ń ṣe fèrè. A óò gé orí, a óò gé ìdí, a óò fi ọ̀bẹ la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a óò wá máa fun ún káàkiri àdúgbò títí àwọn àgbà yóò fi lé wa. N kò rí igi ìbẹ́pẹ kan rí nílẹ̀ Jámánì. Nígbà tí mo wá rí ọ̀pá oníhò yìí, mo rò pé Ọlọ́run ló fi rọ́pò rẹ̀ fún mi.

Mo yọ ọ̀bẹ kékeré tí mo fi ń bó ọsàn nínú báàgì. Pátákó aláwọ̀ yẹ́lò kan wà nítòsí tí wọ́n kọ Jámánì sí, ṣùgbọ́n èmi ò lè kà á, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì gùn ju èyí tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé lè kà lọ. Tèmi di ọwọ́ mi mú.

"Oma, darf man das?" Ó ń bi mí bóyá wọ́n gbà wá láyè. Ọmọ Jámánì ni. Kò sí ohun tí wọn kì í gba àyè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ta ló gbìn ín? Koríko lásán ni. Mo ti mọ ewé kí ìyá rẹ tó dáyé."

Mo gé e. Omi inú rẹ̀ ṣàn sí mi lọ́wọ́, mo fi aṣọ nù ún. Mo ṣe fèrè fún un, ó fi sẹ́nu, ó fun ún, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. A rìn nínú oòrùn fún bíi wákàtí méjì, fèrè ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ní Berlin, ẹnu ọmọ náà pọ́n. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ètè àti àgbọ̀n rẹ̀ ti lé ròrò, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ti ń lé. "Das brennt, Oma." Ó ń jó o bí ata. Ní ọwọ́ èmi náà, láàárín ìka, omi ti ń gbárajọ sábẹ́ awọ. Mo wọ súwẹ́tà alápá gígùn nínú ooru, mo fa apá rẹ̀ bo ìka mi.

Fúnmi bi mí pé, "Màmá, kí ni ẹ fún un jẹ ní Hamburg?"

Ẹ̀yin ọmọ, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn: mo ní n kò mọ̀. Mo ní bóyá èso pupa kan ló jẹ nílé àbúrò mi. Fúnmi yíjú sí ọmọ. "Mo ti ní kó o má máa fi gbogbo nǹkan sẹ́nu!"  Tèmi gbójú sókè, ó wò mí.

Mo ti rí irú ojú yẹn rí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ló ń tọ́ mi, òfin rẹ̀ fún ìgbà ọyẹ́ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ẹ má gba oko Bàbá Tíṣà lọ sódò. Bàbá Tíṣà ti kú, oko rẹ̀ ti di igbó, wèrèpè sì ti gun gbogbo igi ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ wèrèpè, ìtàkùn kan ni, tí èso rẹ̀ rí bí ẹ̀wà tó wọ ẹ̀wù onírun. Bí ọyẹ́ bá ti gbẹ ẹ́, atẹ́gùn á gbé irun rẹ̀ fò, ẹni tó bá sì bà lé á họra dé egungun. "Wèrèpè kì í lé èèyàn," Ìyá àgbà máa ń sọ, "èèyàn ló ń lọ bá a."

Ṣùgbọ́n igi àgbálùmọ̀ kan wà láàárín oko yẹn. Èmi àti Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ti ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo ní ká lọ. Ṣadé ń lọ́ra. Mo fà á lọ́wọ́. A ò tíì ṣa ju mẹ́ta lọ nígbà tí atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́, tí ohun kan bí eruku wúrà sì dà lé wa lórí. Ó rẹwà lójú. Kò pẹ́ rárá tá a fi bẹ̀rẹ̀ sí í họra, tá à ń fò sókè sódò, tá à ń ké. Ṣadé sá bọ́ sómi, bẹ́ẹ̀ Ìyá àgbà ti sọ fún wa pé omi á túbọ̀ tẹ irun náà mọ́ra ni. Ó tún fi ọwọ́ kan náà nu ojú. Nígbà tá a máa fi délé, ojú rẹ̀ méjèèjì ti wú.

Wọ́n bi wá pé ta ló mú ẹnì kejì lọ. Mo ní, "Ṣadé ni."

Ó yí ojú wíwú yẹn sí mi. Kò sọ pé irọ́ ni. Ìyá rẹ̀ nà án bí ara ṣe ń yún un yẹn. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti yàrá Ìyá àgbà, níbi tí wọ́n ti ti fèrèsé mọ́ mi nítorí atẹ́gùn, tí wọ́n fi eérú gbígbẹ ra gbogbo ara mi, tí wọ́n sì fi epo pupa lé e, tí mo wá rí bí iṣu sísun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò nínú òkùnkùn yàrá yẹn. Ara yíyún lọ lọ́jọ́ kejì. Ohun tó kù ò lọ. Kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, wọ́n ti mú Ṣadé lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Kánò. N kò fojú kàn án mọ́, n kò sì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Berlin. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, a gbé Tèmi lọ sọ́dọ̀ Kinderarzt, dókítà àwọn ọmọdé. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó wo ẹnu ọmọ, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wá bi Fúnmi ní ìbéèrè. Mo rí i tí ọmọ mi gan bí igi. Ó yíjú sí mi.

"Màmá, ó ní ó jọ pé nǹkan gbígbóná ló jó o. Ó ń bèèrè bóyá ẹnì kan da omi gbígbóná sí i lára. Bí mi ò bá rí nǹkan sọ, ó lè kọ̀wé sí Jugendamt o."

Ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. Mo ti gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì bí àwọn ìyá ṣe máa ń fi ohùn kékeré dárúkọ rẹ̀. Ìbéèrè dókítà ò burú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n yàrá náà há mọ́ mi lójijì. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ ọmọ mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Fúnmi á mọ irú ìyá tó ní. Mo wo ilẹ̀kùn, mo wo fèrèsé, kò síbi tí mo lè gbà.

Tèmi ò fẹjọ́ mi sùn. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì dókítà, ó ń gbé omijé mì kó má bàa kan egbò ẹnu rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń bo àṣírí àgbàlagbà. Ìyẹn ni mi ò lè fara dà.

Mo fa apá súwẹ́tà sókè, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí dókítà. "Fúnmi, sọ fún un pé èmi ni. Mo gé ewéko létí odò, mo fi ṣe fèrè fún un. Ọmọ náà kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Mo parọ́ fún ẹ láàárọ̀."

Fúnmi ò wò mí. Ó túmọ̀ rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Dókítà fún mi ní bébà àti bírò, mo ya òdòdó tó rí bí agbòòrùn. Kí n tó yà á tán, ó ti ń mi orí. "Riesenbärenklau," ló pè é. Ó ṣàlàyé pé bí omi inú ewéko yẹn bá kan ara, tí oòrùn bá sì ràn sí i, awọ á bó bí ẹni tí iná jó. Ó ní ká ní a ti fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ ni, ká sì sá kúrò nínú oòrùn, bóyá kì bá tí tó bẹ́ẹ̀. Ó fún wa ní ìpara, ó ní ká má bẹ́ ìléròrò kankan, ó sì ní odidi ọ̀sẹ̀ kan ni oòrùn ò gbọdọ̀ fi kan àwa méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ ni Fúnmi ṣe ta aṣọ dúdú bo fèrèsé, tí èmi àti Tèmi wọ àhámọ́ ní àsìkò tí gbogbo Berlin ń sá síta. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, a ń gbọ́ ariwo wọn, a ò lè yọjú. Ooru mú, ìpara lẹ̀ mọ́ ara bí oje igi. Àbúrò mi pè láti Altona, ó gbàdúrà lórí fóònù títí bátìrì rẹ̀ fi kú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkùnkùn ló le jù. Láràárọ̀, Fúnmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," bí ẹni tó ń kí àlejò ní ọ́fíìsì, á sì kọjá lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, Tèmi ní kí n sọ ìtàn. Mo sọ ti Ṣadé fún un, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ronú, ó wá fi Yorùbá bi mí, ohun tí kì í sábà ṣe:

"Ṣé ẹ bẹ̀ ẹ́?"

"Rárá."

"Warum nicht?"

Ó ń bi mí pé kí ló dé tí n kò fi bẹ̀ ẹ́. Ohùn Fúnmi la gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dé láti ibi iṣẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀.

"Màmá, ẹ máa ń nà wá tá a bá parọ́."

"Mo mọ̀."

"Mo rò pé wọ́n máa gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi."

"Mo mọ̀, Fúnmi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Tèmi, ìwọ náà, má bínú."

 Fúnmi wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sí àárín wa nínú òkùnkùn yẹn pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, kò sì pẹ́ tó fi gbórí lé itan mi, tó sùn lọ.

Àpá dúdú wà ní àgbọ̀n Tèmi fún ọdún méjì gbáko kó tó pòórá. Èyí tó wà láàárín ìka ọwọ́ mi ò tíì lọ. Àwọn ará ilé sọ fún mi pé wọ́n ti kọ́ ilé sórí oko Bàbá Tíṣà, àwọn ọmọ àdúgbò ò sì mọ wèrèpè mọ́. Eérú àti epo ti di ìpara inú páálí. Gbogbo ọgbọ́n ewé tí mo kó wá láti ilé, mo ti rí i pé mo gbọ́dọ̀ tún un kọ́ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ni yóò kọ́ mi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí kíláàsì wọn jáde lọ sínú igbó, Tèmi ló na ọwọ́ dí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà, tó sì pe tíṣà wá wo irú ewéko yẹn tó dúró níwájú wọn. Ó sọ ọ́ fún mi nígbà tó délé bí ẹni pé kì í ṣe nǹkan kan.

Mo ti ní kí wọ́n bá mi bèèrè Ṣadé lọ́wọ́ àwọn ará Kánò. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bí ewé bá jóni, awọ á tún hù. Àmọ́ ohun tí àgbà bá fi ìdákẹ́ gbé lé ọmọdé lórí, títí dọjọ́ ogbó lọmọ yóò fi máa rù ú, àyàfi bí àgbà náà bá la ẹnu rẹ̀, tó ní, "Èmi ni." Ó ṣòro fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí orí mi ti funfun, ó ṣì ṣòro bákan náà.