Ìgbà Tí Màmá Kúnlẹ̀ fún Ìyàwó Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí ìdí tí a fi máa ń dúró níwájú kóòtù ní Upper Marlboro, nílẹ̀ òyìnbó yìí, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún sọ. Ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn padà lẹ́yìn àrùn kòrónà ni. Mo ti bá ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn rí, mo ti fa tajútajú símú, ṣùgbọ́n kò sí ìjà tó dùn mí tó èyí.

Verna, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ló kó àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Erékùṣù kékeré kan ní Kàríbíà ni wọ́n ti bí i, níbi tí ọlọ́pàá, adájọ́ àti ọkọ tó ń luni ti lè jẹ́ mọ̀lẹ́bí kan náà. Ó ní bí obìnrin kan bá fẹ́ lọ sí kóòtù níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ sùn tì í nílé, wọ́n á sì jọ mú un dé iwájú adájọ́. Ó máa ń sọ pé, "Ọjọ́ tó ṣáájú ìgbẹ́jọ́ ni ìjà wà." Bá a ṣe dá ẹgbẹ́ tiwa sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní atúlé ni wá.

Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ wá bá wa, láti Camp Springs. Ọkọ rẹ̀ ti dá a lápá. Adájọ́ ní kí ọkùnrin náà kó jáde nílé títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ó wá ku Fọlákẹ́, àwọn ọmọ, àti ìyá ọkọ tó wá láti Ìbàdàn wá bá wọn tọ́jú ìkókó.

"Wá sùn sọ́dọ̀ mi ní Clinton," mo wí fún un nígbà tí ìgbẹ́jọ́ ku ọ̀la.

"Ẹ máà bínú, mà. Màmá ló ń gbọ́mọ. Tí mo bá kó àwọn ọmọ jáde lójú wọn, wọ́n á ní mo tàbùkù àwọn."

Verna ní òun á lọ sùn níbẹ̀. Àwọn obìnrin wa kọ̀ jálẹ̀. "Kí àlejò lọ máa ṣọ́ ìyá ọkọ nínú ilé ọmọ rẹ̀? A ò gbọ́ irú ẹ̀ rí." Verna bá lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, a dúró níwájú kóòtù pẹ̀lú pátákó wa. Fọlákẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kò lè wojú wa.

"Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé mi ò ṣẹjọ́ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Màmá kúnlẹ̀ fún mi lálẹ́ àná. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì méjì ló bá wọn wá sí kíṣìnì, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Màmá ṣí gèlè, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní dìde. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí. Kí ni kí n ṣe?"

Àgbà kì í kúnlẹ̀ fọ́mọdé. Bó bá ṣẹlẹ̀, ọmọdé ò gbọdọ̀ sọ pé rárá, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Adájọ́ tú ẹjọ́ ká. Ọkọ padà sílé. Kí òtútù tó dé, a sin Fọlákẹ́.

Ọkùnrin náà wà lẹ́wọ̀n báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ti yọ̀ǹda yàrá kan fún wa, a sì ń lọ sùn ti àwọn obìnrin nílé wọn gẹ́gẹ́ bí Verna ṣe wí, ìyá ọkọ ì báà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn alàgbà méjì yẹn ò tíì dárúkọ Fọlákẹ́ lórí pẹpẹ títí di òní. Gbèsè wọn nìyẹn, mi ò sì ní yéé sìn ín.

Ìyá ọkọ Fọlákẹ́ kò padà sí Ìbàdàn. Òun ló ń tọ́ àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kan ó dédé wá dúró láàárín wa níwájú kóòtù. Inú bí mi, mi ò kí i. Láìpẹ́, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí síhìn-ín, tó wá ṣẹjọ́ ọkọ rẹ̀, tí àwọn ará ilé ọkọ ń bẹ̀ lórí fóònù, yí padà sí ìdí mọ́tò rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì wú. Màmá tẹ̀ lé e, ó ṣí gèlè, ó kúnlẹ̀ lórí títì ọlọ́dà.

"Ọmọ mi, orúnkún yìí ni mo fi pa ìyàwó ọmọ mi. Jọ̀ọ́, wọlé lọ."

Ọmọ náà pa fóònù, ó sì wọlé. Èmi ni mo fa màmá dìde.

"Ó wọlé, mà," mo wí.

"Mo rí i," ó ní. "Fọlákẹ́ náà ì bá wọlé lọ ṣẹjọ́."