Tọ́ọ̀ṣì Orí Tí Mo Dé Lọ Ṣa Ìgbín ní Ìpógun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí nínú oko kòkó ní Ìpógun! Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àyà mi ṣì ń lù kì-kì-kì. Ẹ má fòyà o, ayọ̀ ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé aránṣọ ni mí, ní Ìsìkàn níbí ní Àkúrẹ́. Láti àárọ̀ dalẹ́, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ń wà. Kí ló wá da èmi pọ̀ mọ́ tọ́ọ̀ṣì tí àwọn ọdẹ ń dè mọ́rí? Ìgbín ni o!

Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Bọ́sẹ̀, ní oko kòkó ní Ìpógun. Ọmọ wọn obìnrin, Fúnkẹ́, wà nílé ọkọ ní Oǹdó, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nígbà tó wà nínú oyún, ìyá ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ kó fẹnu kan ìgbín rárá, wọ́n ní ọmọ á máa da itọ́. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó gbé fóònù, ó ń yọ wá lẹ́nu: ìgbín oko ìyá òun ni ọkàn òun ń fà sí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sìn sínú àpótí. Ẹ ò rí wàhálà?

Ni àǹtí mi bá pè mí pé òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ìgbín ti ń jáde, kí n wá ká jọ lọ ṣà wọ́n. Háà! Ohun tí mo fẹ́ràn láti kékeré? Wọn ò pè mí lẹ́ẹ̀mejì!

Ṣùgbọ́n mo rántí bí ìyà ṣe máa ń jẹ mí nígbà yẹn. Tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, korobá lọ́wọ́ kejì, ẹ̀ka igi ń gbá mi létí. Ọwọ́ wo ló kù tí mo fẹ́ fi mú ìgbín? Nígbà míì, màá fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, itọ́ á wá máa ṣàn lọ sí àgbọ̀n mi. Mo ní rárá, lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń dè mọ́rí ni n ó rà.

Mo gba ọjà lọ sọ́dọ̀ Àlàájà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì oríṣiríṣi. Ojú mi lọ tààrà síbi èyí tó tóbi jù, tó lójú mẹ́ta, tó ń tàn bí iná ọkọ̀ ẹrù. Àlàájà bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ìgbín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn! Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ dé e ná, kí n sì bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Mo dé e, mo bẹ̀rẹ̀. Gbì! Ó yọ̀ wálẹ̀, ó bò mí lójú.

Wọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé ìgbín máa ń sá ni? Kí lo fẹ́ fi iná tó ń lọ jìnnà ṣe? Ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀, tó wà nílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ, lo ń wá.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀! Wọ́n wá mú ọ̀kan tí kò tóbi jáde. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, okùn rẹ̀ ṣeé fún ṣeé tú, ọrùn rẹ̀ sì ṣeé tẹ̀ wálẹ̀. Ó ní iná funfun, ó ní iná pupa tí kì í gún ojú. Mo bi wọ́n pé òjò ńkọ́? Ṣé ẹ mọ̀ pé Àlàájà gbé bútà àlùwàlá wọn, wọ́n da omi lé e lórí níṣojú mi! Iná náà ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún níbi tó ṣókùnkùn, mo tàn án, mo fi ọwọ́ méjèèjì ṣí páálí, mo tún dì í padà. Inú mi dùn bí ọmọdé! Àlàájà ní kí n má gbàgbé láti ṣájì í kún, kí n sì mú tọ́ọ̀ṣì kékeré mìíràn dání, nítorí pé iná kan ṣoṣo ò tó lọ oko. Ṣíṣájì nìkan ni mo gbọ́. Ti tọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn, mo ní mo ṣáà ní fóònù.

Nígbà tí mo dé Ìpógun, àǹtí mi wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀. Bàtà òjò, ṣòkòtò, ìró àńkárá tí mo fi gba ìdí, àti tọ́ọ̀ṣì ní iwájú orí.

“Rónkẹ́, ṣé góòlù lo fẹ́ lọ wà ni, àbí ùgbín?” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pè é, ùgbín. Wọ́n ní ti àwọn, iná fóònù ti tó àwọn. Mo fi fóònù tèmi sílẹ̀ sí ilé wọn kí òjò má bàa bà á jẹ́, a bá kọrí sóko bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀ bá rí ìgbín! Ìdí kòkó, orí ewé gbígbẹ, ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀! Mo tẹ ọrùn tọ́ọ̀ṣì wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ níwájú mi bí ẹní, ọwọ́ mi méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Mo tún rí ohun kan tí n kò rí rí: gbogbo inú koríko ń kọ mànà, bí ìgbà tí wọ́n fọ́n dígí sílẹ̀. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Mo sún mọ́ ọn. Ojú aláǹtakùn ni! Bí iná bá ti iwájú orí rẹ wá, ojú wọn á máa dán padà sí ẹ. Ẹ dán an wò, ẹ ó gbà mí gbọ́. Àǹtí mi wò ó, wọn ò rí nǹkan kan, torí pé ọwọ́ ni iná tiwọn wà. Mo rí i pé tọ́ọ̀ṣì mi ti ń wọ̀ wọ́n lójú, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ sọ ọ́!

Àpò wa ti fẹ́ẹ̀ kún nígbà tí àǹtí mi rí ìgbín ńlá kan lára kùkùté. Wọ́n ní, “Ti Fúnkẹ́ rèé!” Wọ́n na ọwọ́ sí i.

Ni ilẹ̀ bá jìn.

Mo gbọ́ igbe kan, mo gbọ́ omi, gbàmù! Mo yíjú, n kò rí àǹtí mi mọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ṣé ẹ mọ àwọn kànga tí wọ́n ń gbẹ́ sínú oko láti máa fi bu omi tí wọ́n ń pò mọ́ oògùn kòkó? Ọ̀kan tí wọ́n ti pa tì ni, koríko sì ti bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo dojú bolẹ̀, mo yọ orí wò ó. Omi mu àǹtí mi dé àyà. Fóònù wọn ti já sínú omi. Mo pariwo, “Àǹtí! Àǹtí! Ẹ dá mi lóhùn!”

Wọ́n ní, “Gbé iná yẹn kúrò lójú mi, n kò ríran!”

Ẹ gbọ́ o, ìbínú yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀! Mo gbé ojú tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìgbà náà ni mo rí i: àwọn tó gbẹ́ kànga náà ti gbẹ́ ihò sí ògiri láti máa fi ẹsẹ̀ gùn ún. Mo ní kí àǹtí mi máa gbá ihò yẹn mú. Wọ́n gbìyànjú, ṣùgbọ́n òkè ni iná mi ti ń wá, òjìji ara wọn sì bo gbogbo ihò náà. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀, wọ́n tún padà sínú omi. Wọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀ àwọn ń dun àwọn gan-an, òtútù sì ti ń mú àwọn.

Ta ni n bá ké sí? Kò sí ẹnì kankan nítòsí. Bí n bá sáré lọ pe èèyàn, màá gbé iná lọ, èmi á sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú òkùnkùn nínú omi. Ṣé ẹ̀yin á lọ? Èmi ò lè lọ.

Mo tú ìró àńkárá mi, mo lọ́ ọ bí okùn. Ohun kan wà tí mo mọ̀ láyé mi, aṣọ ni. Mo mọ̀ pé èyí ò ní ya! Mo bọ́ tọ́ọ̀ṣì lórí, mo so ó mọ́ etí aṣọ náà, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí wọn.

“Ẹ dé e, Àǹtí.”

“Ìwọ wá ńkọ́?”

“Ẹ dé e, ẹ di aṣọ mú, ẹ jọ̀ọ́!”

Òkùnkùn bò mí. N kò rí ọwọ́ ara mi. Mo ń gbọ́ nǹkan tó ń rìn nínú ewé lẹ́yìn mi, n kò mọ ohun tó jẹ́, n kò sì fẹ́ mọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ kọ́ ìdí igi kòkó, mo di aṣọ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ń pe orúkọ Jésù. Nísàlẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ní, “Áà! Mo ti rí ihò náà!”

Ìmọ́lẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀. Díẹ̀díẹ̀. Ó dúró. Wọ́n mí. Ó tún ń bọ̀. Aṣọ ń gé mi lọ́wọ́, mo fà á, mo fà á! Nígbà tó yá, iná náà yọ sí mi lójú pátápátá, ó fọ́ mi lójú, èmi náà ò ríran mọ́. Inú mi ò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi! Mo na ọwọ́, mo di apá wọn mú, mo wọ́ wọn sórí ilẹ̀.

A sùn sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, à ń sunkún, à ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àǹtí mi? “Àpò ùgbín mi dà?” Èmi ò mọ ìgbà tí mo pariwo!

Bí a ṣe padà sí ilé wọn nìyẹn: wọ́n fi apá kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ń tiro, èmi gbé àpò, iná wà lórí wọn, ó ń ṣíwájú àwa méjèèjì. Ní àárọ̀, mo gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní eegun ò ṣẹ́, ẹsẹ̀ rọ́ ni. Àwọn aládùúgbò oko ti dí kànga náà pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn rọlẹ̀, a gbé ìgbín lọ sí Oǹdó. Fúnkẹ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bó ṣe rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wo àpò ìgbín rárá. Ó gbé ọmọ lé wọn lápá, ó dì mọ́ àwọn méjèèjì, ó bú sẹ́kún. Àǹtí mi ní kó dákẹ́, pé àwọn wà láàyè, kó lọ gbé omi tí wọ́n máa fi se ìgbín kaná. Kò lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló lọ gbé e kaná fún wa.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Ẹni tó bá fẹ́ ra tọ́ọ̀ṣì orí, yálà fún oko ni o, fún gígun òkè ni o, ẹ má wo títàn rẹ̀ nìkan. Ẹ dé e, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ da omi sí i bí ọlọ́jà bá gbà, ẹ wo bóyá ọrùn rẹ̀ ṣeé tẹ̀. Ẹ ṣájì í kún kó tó di pé ẹ jáde. Bí ẹ bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ gbé e kúrò lójú rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ní iná tirẹ̀, kí òmíràn sì wà nínú àpò, torí pé ìgbà kan lè dé tí ẹ ó ní láti bọ́ èyí tó wà lórí yín fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni òkùnkùn ti ká mọ́ oko tàbí orí òkè rí? Iná wo ló yọ yín, àbí ta ló bọ́ tirẹ̀ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí àwa náà bá yín dúpẹ́!